Kí Orin Ṣáájú Gbọ̀ngàn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ àyájọ́ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

  

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Láti ìpàdé mẹ́ta sẹ́yìn ni a ti ń jiyàn lórí ohun tí ẹgbẹ́ máa fi ṣe ìrántí ọdún kẹwàá. Àwọn kan ní ká kọ́ gbọ̀ngàn ńlá, ká fi orúkọ ẹgbẹ́ sí iwájú rẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni a ó ti máa ṣe ìpàdé, ibẹ̀ ni orin àti eré ìlú yóò ti máa wáyé. Èrò rere ni, n kò sì wá síbí láti bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo wá sọ kò ju ìbéèrè kan lọ: nínú orin àti gbọ̀ngàn, èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Kí n lè dáhùn, mo fẹ́ mú yín rìn dé àwọn abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń ṣe kọ́ńsáàtì orin kíláásíkà fúnra wọn láti ayé àwọn baba baba wọn. Orin kíláásíkà tí mo ń wí ni orin tí ẹni tó dá a kọ sínú ìwé, tí akọrin tàbí atẹdùùrù fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́, tí àwọn olùgbọ́ sì jókòó jẹ́ẹ́ láti fetí sí. Kò sí sípíkà, kò sí ìnáwó lórí akọrin. Etí nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Àwọn abúlé Leith Hill

Ní gúúsù ìlú London, ní Surrey, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Leith Hill. Àwọn abúlé kéékèèké ló yí i ká, Dorking sì ni ìlú ọjà wọn. Ní ọdún 1905, àwọn obìnrin méjì ní agbègbè náà, Margaret Vaughan Williams àti Lady Farrer, kó àwọn ẹgbẹ́ akọrin abúlé jọ fún ìdíje. Margaret ní àbúrò ọkùnrin kan, Ralph, ẹni ọdún 32 nígbà náà, tó ń kọ orin sílẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe olùdarí. Ralph Vaughan Williams di ọ̀kan nínú àwọn olórin tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò fi àwọn ará abúlé sílẹ̀. Ọdún 1953 ló tó gbé ọ̀pá olùdarí ìdíje náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀, ọdún 48 ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Nígbà òtútù, ẹgbẹ́ akọrin abúlé kọ̀ọ̀kan á máa pàdé ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, onísọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, tísà wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ àti ìyàwó onílẹ̀ wà níbẹ̀. Tó bá di ìgbà tí òtútù lọ, gbogbo wọn á gba Dorking lọ. Ní ọ̀sán, abúlé kọ̀ọ̀kan á dá kọ tirẹ̀ níwájú adájọ́, wọ́n á sì fún wọn ní máàkì. Tó bá di alẹ́, àwọn tó bá ara wọn díje lọ́sàn-án á dúró pa pọ̀, wọ́n á di ẹgbẹ́ akọrin kan ṣoṣo, wọ́n á sì kọ orin ńlá tí gbogbo wọn ti kọ́ láti ilé, pẹ̀lú àwọn onífayolíìnì àti onífèrè lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá ti rí bí régbérégbé ṣe ń jáde ní Ojúde Ọba nílùú Ìjẹ̀bú-Òde máa mọ adùn ohun tí mo ń sọ. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́ yọ ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ọba kan náà ni gbogbo wọn ń lọ kí.

Níbo ni wọ́n ti ń kọrin? Nínú yàrá iléèwé, nínú ilé ìpàdé abúlé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún 1931 ni wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn Dorking, tí wọ́n kọ́ nítorí ìdíje yìí. Ọdún 26 ni wọ́n fi kọrin kí gbọ̀ngàn tó dé. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sì bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba gba gbọ̀ngàn náà lọ́wọ́ wọn, orin kò dákẹ́. Wọ́n kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Martin láàárín ìlú, wọ́n ń bá a lọ. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn. Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń kọrin láìsí gbọ̀ngàn kò ní dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá gba gbọ̀ngàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní orin òyìnbó ni, òyìnbó ló ni ín. Ẹ jọ̀wọ́, òyìnbó wo? Bach, tí àwọn ará abúlé Surrey kọ orin ìjìyà Jésù tó ṣe lọ́dọọdún fún ìgbà pípẹ́, ará Jámánì ni. Handel náà, Jámánì ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí Vaughan Williams wà ní ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé Jámánì ni orin gidi ti ń wá, pé kí ará Gẹ̀ẹ́sì máa gbọ́ kó sì máa pàtẹ́wọ́. Ó kọ̀. Ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará abúlé òun máa fi kọ Bach, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ń lọ láti abúlé dé abúlé láti kọ orin àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú lára ohùn wọn wọ inú ìwé orin ìjọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1906. Ohun tó jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ wọn di ọmọ onílé, nítorí pé wọ́n fi ẹnu ara wọn kọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ lọ́dọọdún.

Bí sáà kọ́ńsáàtì ṣe ń rìn

Ọ̀nà kejì tún wà, èyí tó sún mọ́ ohun tí ẹgbẹ́ bíi tiwa lè ṣe. Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ olólùfẹ́ orin wà tó ń gbé sáà kọ́ńsáàtì kalẹ̀ lọ́dọọdún, láti bí oṣù kẹwàá títí dé oṣù kẹrin. Kọ́ńsáàtì bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, ọ̀kan lóṣù. Wọn kì í pe ogójì olórin. Wọ́n á pe mẹ́rin: onífayolíìnì méjì, onívíólà kan àti onísẹ́lò kan. Tàbí kí wọ́n pe atẹdùùrù kan pẹ̀lú akọrin kan. Ènìyàn mẹ́rin kò nílò sípíkà, wọ́n gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, ọkọ̀ kan lè gbé wọn wá, ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan tàbí méjì sì tó fún wọn láti sùn.

Àṣírí ibẹ̀ ni owó àsansílẹ̀. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ti san owó gbogbo kọ́ńsáàtì ọdún náà lẹ́ẹ̀kan. Akápò á mọ iye tó wà lọ́wọ́, akọ̀wé á mọ irú olórin tí wọ́n lè bá ṣe àdéhùn. Wọn kì í ṣe gbèsè de alẹ́ kọ́ńsáàtì, kí wọ́n wá máa wojú òfuurufú pé bóyá òjò kò ní rọ̀. Olùgbọ́ tó wọlé lọ́jọ́ náà gan-an, èrè lórí èrè ni tirẹ̀.

Iṣẹ́ yòókù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹnì kan á lọ gba àga níléèwé. Ẹnì kan á pe ẹni tó ń tún ohùn dùùrù ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé dùùrù tó ti bọ́ sílẹ̀ kò mọ ọ̀gá. Ẹnì kan á tẹ ìwé ètò. Àwọn kan á se tíì, wọ́n á gé kéèkì, wọ́n á tà á ní ìsinmi àárín, owó rẹ̀ á sì wọ àpò ẹgbẹ́. Ẹni tó jẹ́ olóyè nílùú lè jẹ́ ẹni tó ń to àga. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣe, orin sì ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é.

Nígbà ogun, ní òpin ọdún 1940, Gerald Finzi, olórin kan tó ń gbé ní abúlé Ashmansworth, kó àwọn onífayolíìnì àdúgbò jọ. Olùfẹ́ orin lásán lọ́pọ̀ nínú wọn. Newbury String Players ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń lọ ṣeré nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé àti iléèwé agbègbè náà. Finzi kú ní 1956, ọmọ rẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà. Lójú ogun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ o, nígbà tí oúnjẹ pàápàá ń bẹ lábẹ́ ìpín.

Gbọ̀ngàn jóná, orin kò jóná

Ìlú kẹta tí mo fẹ́ dárúkọ ni Aldeburgh, ìlú apẹja kékeré létí òkun ní Suffolk. Ní 1948, Benjamin Britten tó ń kọ orin, Peter Pears tó jẹ́ akọrin, àti Eric Crozier tó jẹ́ òǹkọ̀wé, dá àjọ̀dún orin sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ìlú àti Jubilee Hall, gbọ̀ngàn kékeré tí kò gbà ju nǹkan bí 300 ènìyàn lọ, ni wọ́n lò. Àwọn ará ìlú ló wà nínú ìgbìmọ̀.

Ní 1958, Britten ṣe eré orin kan nípa Nóà àti ìkún omi, ó ní kí wọ́n ṣe é nínú ṣọ́ọ̀ṣì Orford tó wà nítòsí. Ó kọ ọ́ fún àwọn ọmọdé àdúgbò. Ọmọ tó mọ fayolíìnì dáadáa ní tirẹ̀, ọmọ tó kan ń kọ́ ọ ní tirẹ̀. Èyí tí kò mọ nǹkan kan, wọ́n so kọ́ọ̀pù tíì mọ́ okùn fún un, ó ń fi igi lù ú kó lè dún bí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Àwọn olùgbọ́ náà dìde, wọ́n bá wọn kọ orin ìjọ. Ẹ rò ó wò: ọ̀kan nínú àwọn olórin tó ga jù láyé jókòó, ó ń ronú ohun tí ọmọ tí kò mọ orin lè ṣe.

Lẹ́yìn ọdún 19 ni wọ́n tó ní gbọ̀ngàn ńlá. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe ọkà bálì fún ọtí ni wọ́n tún ṣe ní abúlé Snape, ó gba ènìyàn tó lé ní 800, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì wá ṣí i ní oṣù kẹfà 1967. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ àjọ̀dún 1969, gbọ̀ngàn náà jóná. Wọn kò fọ́n ká. Wọ́n gbé eré tó yẹ kó wáyé níbẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Blythburgh, àjọ̀dún ń lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 1970, wọ́n ti tún gbọ̀ngàn náà kọ́. Ká ní gbọ̀ngàn ni wọ́n kọ́kọ́ ní, tí wọn kò ní àṣà orin, eérú nìkan ni ì bá kù.

Àwa náà kò ṣófo

Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti rò pé ilẹ̀ àjèjì ni mo ń tọ́ka sí nìkan. Josiah Ransome-Kuti, àlùfáà tí a bí ní 1855, ti fi ohùn Yorùbá ṣe orin ìjọ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa tó dáyé. Thomas Ekundayo Phillips kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní London, ó padà wálé, ó sì di atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Cathedral Church of Christ nílùú Èkó láti 1914 títí di 1962. Òun náà, ọdún 48 ni, bíi ti Vaughan Williams gẹ́lẹ́.

Phillips mọ ìṣòro wa. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Tí a bá mú orin òyìnbó tí a sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí rẹ̀ bó ṣe wù wá, ìtumọ̀ á yí padà. Ẹni tó fẹ́ kọrin pé ọkọ̀ ń gbé òun lọ sílé ògo á kàn rí i pé ọkọ́ ló ń gbé òun lọ! Phillips ní kí orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó kọ orin bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1953. Ẹ wo èso igi kan ṣoṣo yìí. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọrin ní kékeré, ẹni tó wá kọ African Suite àti ọ̀pọ̀ orin dùùrù tó dá lórí orin Yorùbá. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ayo Bankole náà ti kọjá. Ẹgbẹ́ akọrin kan ló bí gbogbo wọn, torí pé ó ń pàdé lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀.

Èkó sì ti dá MUSON sílẹ̀ láti 1983. Ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ níbẹ̀ náà, kí gbọ̀ngàn Oníkan tó dé.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́

Ní ìlú tiwa, ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí. Dùùrù wà tí eku ti jẹ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ọ̀gá akọrin wà tí wọ́n ti kọ orin sínú ìwé sol-fa fún ogójì ọdún, tí ìwé náà wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn. Tí bàbá bá kú, ikán á jogún rẹ̀. Àwọn ọmọ tó mọ fayolíìnì lù wà, wọ́n ti kó lọ sí Èkó torí pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ wọn níbí. Gbọ̀ngàn tuntun kò ní wo èyíkéyìí nínú èyí sàn. Tí a bá kọ́ ọ láìsí ohun tí a ó máa ṣe nínú rẹ̀, a ó máa yá a fún ìnáwó lópin ọ̀sẹ̀ ni. Ìlú wa ò sì ṣaláìní ibi ìnáwó.

Nítorí náà, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sáà kọ́ńsáàtì mẹ́rin lọ́dún, láàárín oṣù kọkànlá àti oṣù kẹrin. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo mú, nítorí pé òjò lórí páànù kì í jẹ́ ká gbọ́ fayolíìnì. Ọyẹ́ á máa dà ohùn dùùrù rú, a ó pe atúndùùrùṣe wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé. Kí a yẹra fún Lẹ́ńtì àti oṣù Ààwẹ̀. Kí méjì wáyé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí méjì wáyé nínú gbọ̀ngàn iléèwé, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Mùsùlùmí má bàa rò pé a ti wọn sẹ́yìn. Kí ọ̀kan nínú mẹ́rin jẹ́ ìdíje àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìlú, kí wọ́n díje lọ́sàn-án, kí wọ́n kọrin pa pọ̀ lálẹ́. Kí ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Nínú gbogbo kọ́ńsáàtì, kí a kọ orin kan ó kéré tán láti inú àpótí àwọn àgbà wa, kí a sì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ nígbà tó ṣì lè gbọ́.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò àpẹẹrẹ. Bí ènìyàn 120, ọmọ ẹgbẹ́ àti ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́, bá san ₦15,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ₦1,800,000 nìyẹn. Kọ́ńsáàtì kọ̀ọ̀kan ní ₦450,000. A ó fi san owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ olórin mẹ́rin, owó atúndùùrùṣe, epo àti ìwé ètò. Oúnjẹ wọn, ilé wa ni. Àwọn ọmọ iléèwé á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ná jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí aṣọ àǹkò kan ṣoṣo.

Ẹ lè bi mí pé, ta ló máa wá? Ní ọdún àkọ́kọ́, bóyá àga ogójì ló máa kún. Ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tó bá jókòó lórí àga ogójì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ọdún tó ń bọ̀ ó máa mú ọmọ rẹ̀ dání. Tí a bá ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, tí ìlú wá sọ fúnra wọn pé àga kò gba àwọn mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni ká dá owó gbọ̀ngàn. Ìlú á bá wa dá a, torí wọn á ti mọ ohun tó wà fún.

Ààrẹ wa, ìpàdé gbogbogbòò ń bọ̀ ní ìparí oṣù. Mo bẹ̀ yín kí ọ̀rọ̀ yìí wọ ìwé ètò ìpàdé náà, kí a dìbò lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún sáà àkọ́kọ́, ìwé kan wà lọ́dọ̀ akọ̀wé lónìí yìí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ọdún mẹ́wàá yìí á tura fún gbogbo wa, orin kò sì ní tán lẹ́nu wa.